Àlejò Mélòó Ló Tó fún Seychelles?

Láyé àmúnisìn, bí Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan tí kò gbà fún wọn, ojú òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé e gbà. Wọ́n gbé Jájá Òpóbò lọ sí Saint Vincent, lọ́hùn-ún ní Kàríbíánì. Prempeh, ọba Àṣáńtì, wọ́n tì í mọ́lé ní Elmina, wọ́n tún gbé e lọ sí Sàró, nígbà tó sì di ọdún 1900 wọ́n gbé e kọjá sí Seychelles, àárín agbami Òkun Íńdíà. Ọdún 1924 ló tó padà délé. Yaa Asantewaa, ìyá àgbà tó kó ogun ja Gẹ̀ẹ́sì nítorí àga wúrà àwọn Àṣáńtì, bá a níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1921. Mwanga ọba Buganda kú síbẹ̀, Kabalega ọba Bunyoro lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Nígbà tí Makarios, àgbà bíṣọ́ọ̀bù Cyprus, ń yọ wọ́n lẹ́nu ní 1956, ibẹ̀ ni wọ́n tún rántí. Ìdí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ibẹ̀ jìnnà, ẹni tí wọ́n bá sì jù síbẹ̀ kò ríbi sá lọ.

Jíjìnnà yẹn gan-an ni Seychelles ń tà lónìí, ọ̀wọ́n gógó sì ni. Ní erékùṣù bíi North, owó tí àlejò ń san fún oorun alẹ́ kan ṣoṣo ju owó oṣù ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un lọ. Kí ni wọ́n ń rà? Ìdákẹ́rọ́rọ́, iyanrìn funfun, omi tó mọ́ gaara, àti àpáta ràgàjì-ràgàjì tí ọjọ́ pípẹ́ ti fọ̀ títí tó fi ń dán. Ọjà tó ta kókó ni, torí pé àpọ̀jù oníbàárà lè pa á. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn bá ra ìdákẹ́rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìdákẹ́rọ́rọ́ mọ́ fún ẹnì kankan.

Erékùṣù 115 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ wọn lápapọ̀ kò tó 500 kìlómítà níbùú-lóòró. Omi ni wọ́n ní: agbègbè òkun tí ó wà lábẹ́ àṣẹ wọn lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kìlómítà níbùú-lóòró. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní 100,000, mẹ́ta péré nínú àwọn erékùṣù náà, Mahé, Praslin àti La Digue, ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé. Kò sí ẹni tó jẹ́ onílẹ̀ àtètèdé níbẹ̀. Faransé ló kọ́kọ́ kó ènìyàn débẹ̀ ní 1770, wọ́n kó ẹrú Áfíríkà tẹ̀lé e, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá, àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà sì wá ṣòwò. Nínú àmúlùmálà yẹn ni èdè Kírẹ́ólì tí wọ́n ń sọ lónìí ti jáde.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ ojú omi láti Mombasa tàbí Bombay ni ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ máa ń wọ̀. Àgbọn gbígbẹ àti èèpo kinamónì ni wọ́n ń tà sílẹ̀ òkèèrè láti fi jẹun. Pápákọ̀ òfurufú tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí Mahé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1971, Ọbabìnrin Elizabeth sì lọ ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1972. Láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Lọ́dún tí pápákọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré ni àlejò tó wá. Nígbà tó fi máa di 2019, wọ́n ti lé ní 380,000, ìyẹn ni pé ó lé ní àlejò mẹ́ta fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó pẹ̀lú.

Gbogbo àlejò kọ́ ló wá fún ìgbafẹ́, o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, àwọn ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ òfurufú láti Swaziland wá sí Mahé, wọ́n ní ẹgbẹ́ olùgbafẹ́ tó fẹ́ràn ọtí bíà ni àwọn, pé ohun ìṣeré ọmọdé tí àwọn fẹ́ fi tọrẹ ló wà nínú báàgì àwọn. Jagunjagun tí wọ́n fowó háyà ni wọ́n, Mike Hoare tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Kóńgò ni olórí wọn, ìbọn sì ni wọ́n fi ohun ìṣeré bò mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá kí àwọn aṣọ́bodè tó tú ìbọn jáde nínú báàgì ọ̀kan. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀, ìjọba tí wọ́n wá gbà kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá já ọkọ̀ òfurufú Air India kan gbà, wọ́n sá lọ sí Durban. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ohun tí wọ́n yàn láti fi para mọ́ ni aṣọ àlejò olùgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí àlejò bá ti di orísun oúnjẹ, ta ló máa fi àkókò ṣòfò láti yẹ àlejò wò dáadáa?

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ di ohun àfiyèsí fún gbogbo ìlú kéékèèké tó wà lójú òkun, torí pé láàárín àádọ́ta ọdún, wọ́n ti dán oríṣiríṣi ọgbọ́n wò lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ nínú àlejò láì jẹ́ kí àlejò jẹ ilé tán? Àwọn ọgbọ́n kan ṣiṣẹ́ débi pé ó yẹ kí ayé wá wò ó. Àwọn kan sì ń yẹ̀ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù lọ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ kékeré kan tí kò tó 30 hẹ́kítà. Cousin ni wọ́n ń pè é, oko àgbọn ni tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ rí i pé ẹyẹ kékeré kan, Seychelles warbler, ti tán ní gbogbo ayé àyàfi lórí Cousin yìí, àwọn tó kù kò sì tó 30. Ológbò àti eku tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé àwọn erékùṣù yòókù ló pa wọ́n run, igbó tí wọ́n ń gbé sì ti di oko. Ní 1968, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹyẹ, èyí tí a mọ̀ sí BirdLife lónìí, ra erékùṣù náà tán pátápátá. Wọn kò fi odi yí i ká, wọn kò sì ṣe ohun abàmì kankan. Wọ́n kàn ń gé àgbọn kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí igbó àbínibí padà hù, wọ́n sì fi ojú ẹ̀ṣọ́ wo etíkun kí eku má baà wọlé.

Ẹyẹ náà pọ̀ sí i títí ilẹ̀ fi kún. Ní 1988 wọ́n kó 29 nínú wọn lọ sí erékùṣù Aride, wọ́n tún kó òmíràn lọ sí Cousine, sí Denis, sí Frégate. Lónìí wọ́n lé ní 3,000. Àwọn ìjàpá òkun tó ń gun etíkun wá yé ẹyin náà, tí àwọn apẹja ti fẹ́ẹ̀ pa tán nítorí èèpo ẹ̀yìn wọn, pọ̀ sí i ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Àlejò ló ń san owó iṣẹ́ yìí. Àjọ Nature Seychelles, tí àwọn ọmọ ìlú náà fúnra wọn dá sílẹ̀ ní 1998, ló ń bójú tó Cousin báyìí, owó ìwọlé sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n lálejò. Òwúrọ̀ ni èèyàn lè wá, ní ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. Ọkọ̀ tó bá gbé ọ wá láti Praslin kò gbọ́dọ̀ kan iyanrìn Cousin. Yóò dúró lókèèrè lójú omi, ọkọ̀ Cousin tìkára rẹ̀ yóò wá gbé ọ. Eku ni wọ́n ń sá fún. Aboyún eku kan ṣoṣo tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ àjèjì lè sọ iṣẹ́ àádọ́ta ọdún dòfo láàárín oṣù díẹ̀. Bí o bá ti gúnlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan ni yóò mú ọ kiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀ àyàfi àwọn òṣìṣẹ́ àti olùwádìí. Kò sí ilé ọtí, kò sí bẹ́ẹ̀dì etíkun. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń bọ̀, wọ́n sì ń sanwó pẹ̀lú ìdùnnú, bóyá torí pé wọ́n rí i pé ẹni tó ni ilé mọ ohun tó ń ṣọ́.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní Praslin, níbi tí igbó Vallée de Mai wà. Igbó náà kéré, kò tó 20 hẹ́kítà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni igi ọ̀pẹ tó ń so àgbọn oníbejì, coco de mer, ti hù láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kóró igi yìí ló tóbi jù láyé, ẹyọ kan lè wúwo tó 25 kìlógíráàmù, ìrísí rẹ̀ sì jọ ìbàdí obìnrin débi pé Gordon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ ní 1881, kọ ìwé pé ọgbà Édẹ́nì gan-an nìyẹn. Ẹ̀sìn ló ń bá a jà tàbí òùngbẹ, a kò lè sọ. Olè ń jí àgbọn náà, òfin sì wà pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e jáde nílùú gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ibi tí owó ìwọlé Vallée de Mai ń gbà lọ ló dùn mọ́ni jù. Seychelles Islands Foundation, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1979, ló ń ṣọ́ igbó yìí, òun náà ló ń ṣọ́ Aldabra, erékùṣù olórùka kan tó wà ní ohun tó lé ní 1,000 kìlómítà sí Mahé. Orí Aldabra ni ìjàpá ilẹ̀ ràgàjì nǹkan bí 100,000 ń gbé, tó pọ̀ ju ibikíbi mìíràn láyé lọ. Láàárín àwọn ọdún 1960, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kọ́ pápá ọkọ̀ ogun síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pariwo títí, owó pọ́n-ùn sì já wálẹ̀, ni wọ́n bá pa ètò náà tì ní 1967. UNESCO sọ Aldabra di ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 1982, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Vallée de Mai ní 1983. Àlejò tó ń dé Aldabra kò tó nǹkan, torí ọ̀nà jìn, kò sì sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, owó tí ẹni tó wọ igbó Praslin san ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ka ìjàpá ní Aldabra. Ẹni tó sanwó ọ̀hún lè má fojú kan ibẹ̀ láéláé.

Òkun kò mọ ààlà, ó ń gbé ìdọ̀tí ẹlòmíràn wá bá wọn. Ní 2019, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25 ike kúrò ní etíkun Aldabra: àwọ̀n ìpẹja, okùn, àti sílípáàsì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìjàpá kì í wọ sílípáàsì.

Ewu mìíràn ti inú ìlú fúnra rẹ̀ wá, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọnà èèpo ìjàpá òkun. Àwọn ìdílé kan ń fi èèpo yìí ṣe yẹtí, àpótí àti ìyarun fún àwọn àlejò, iṣẹ́ ìran ni fún wọn. Ìjọba kò kàn gbé òfin kalẹ̀ kí ó sì rán ọlọ́pàá sí wọn. Ó ra èèpo tó wà lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn lówó ìrànwọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn, lẹ́yìn náà ló fòfin de òwò náà ní 1994. Ní 1998, wọ́n kó èèpo tí wọ́n rà jọ síta, wọ́n dáná sun ún ní gbangba. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń fò: wọ́n á ní kí tálákà dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí ẹwà ìlú, wọn kò sì ní sọ ohun tí yóò jẹ lọ́la.

Gbèsè ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ní 2008, owó tí ìjọba yá ní ọjà owó àgbáyé bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọn kò lè san án mọ́, wọ́n sáré bá IMF. Inú ìrora yẹn ni ìmọ̀ràn kan ti jáde, tí àjọ The Nature Conservancy ti Amẹ́ríkà bá wọn ṣètò rẹ̀, tí wọ́n sì parí ní 2016: kí wọ́n ra mílíọ̀nù dọ́là 21.6 nínú gbèsè náà padà lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wọn lówó, kí Seychelles wá máa san owó náà lọ́nà tó fúyẹ́ sínú àpò kan tí yóò máa lò ó fún ìtọ́jú òkun. Ní pàṣípààrọ̀, kí wọ́n dáàbò bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òkun wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 wọ́n kéde pé àwọn ti ṣe é tán, ìyẹn agbègbè tó lé ní 400,000 kìlómítà níbùú-lóòró. Láàárín ìgbà yẹn, ní 2018, wọ́n ta bọ́ǹdì mílíọ̀nù dọ́là 15 fún ìtọ́jú òkun àti ẹja pípa, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé. Ààrẹ Danny Faure kò tilẹ̀ fi mọ sórí ilẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ó wọ ọkọ̀ abẹ́ omi, ó wọlẹ̀ tó mítà 124, ibẹ̀ ló ti bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba òkun là. Àwọn Maldives ti ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba wọn lábẹ́ omi ní 2009, tiwọn kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé ẹni tó bá kéré gbọ́dọ̀ mọ eré ṣe kí àgbà tó wo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkun tó mọ́ kò sọ ẹni tí owó ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń jà sí jù ní àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn Maldives ni a sì lè fi wé. Hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ wọn, Kurumba, ṣí ní 1972, ìlànà wọn sì wá di pé hòtẹ́ẹ̀lì kan, erékùṣù kan, níbi tí ọmọ ìlú kankan kò gbé. Àlejò á bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀, ọkọ̀ á gbé e tààrà lọ síbẹ̀, á jẹ, á mu, á padà sílé láì bá ará Maldives kan sọ̀rọ̀ àfi ẹni tó gbé àwo oúnjẹ wá. Owó ń wọlé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ń gba ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá jáde. Nígbà tó di 2010 ni wọ́n tú òfin náà ká, tí àwọn ará ìlú bíi Maafushi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àlejò sí àdúgbò wọn.

Seychelles kò gba ọ̀nà yẹn tán. Etíkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, hòtẹ́ẹ̀lì kò lè sọ pé iyanrìn ni tòun. Ilé àlejò kéékèèké, òfin fi í sílẹ̀ fún ọmọ ìlú, kí oníyàrá márùn-ún má baà máa bá ilé iṣẹ́ àjèjì fa okùn tí yóò já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 2015, nígbà tí Ààrẹ James Michel wà lórí oyè, ìjọba tún dáwọ́ ìwé àṣẹ fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tuntun dúró. Àwọn tó ti gba ìwé tẹ́lẹ̀ kò fi àǹfààní wọn sílẹ̀ ṣá, kíkọ́ ilé kò sì dáwọ́ dúró lójijì.

La Digue ni ibi tí èèyàn ti lè rí èrè àti ìnira ètò yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Erékùṣù náà kò ju 10 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ayé ń gùn níbẹ̀; ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò pọ̀, torí ìjọba ń dín in kù. Láyé àtijọ́ kẹ̀kẹ́ màlúù ló máa ń gbé àlejò láti èbúté. Anse Source d'Argent, etíkun kan tí àwọn ayàwòrán kò jẹ́ kó sinmi, wà níbẹ̀. Ìdílé tó ní yàrá mẹ́ta ń gbà lálejò, ìyàwó ilé ń se ẹja àti ọbẹ̀ àgbọn, ọmọkùnrin ilé ń yá àlejò ní kẹ̀kẹ́. Owó náà ń dúró nílé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá kọ́ yàrá mẹ́ta, omi mímu àti ibi ìdalẹ̀nù yóò ṣe tó? Ilé kékeré púpọ̀ lè wúwo ju hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lọ, kò sì sí ẹni tí ìjọba lè mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n wá fi owó orí tuntun kan kalẹ̀ fún àlejò, fún àyíká: rúpì 25 lóru kan fún ẹni tó bá sùn ní ilé àlejò kékeré, 75 fún ilé àárín, 100 fún hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ọmọ ìlú kì í san án, ọmọdé tí kò tíì pé 12 kì í san án. Palau, ní Òkun Pàsífíìkì, ti gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2018, dọ́là 100 ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àlejò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ ìbúra sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí yóò fọwọ́ sí pé òun kò ní ba ilẹ̀ àwọn ọmọ Palau jẹ́. Ti Seychelles kò ní ìbúra. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó gba àyè púpọ̀ ló ń san púpọ̀.

Ó kù díẹ̀ káàtó, kò sì yẹ kí a fi ìyìn bò ó. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí àlejò ń jẹ ni ọkọ̀ ń kó wá láti òkèèrè, epo ló ṣì ń tan púpọ̀ nínú iná wọn. Ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ àlejò Yúróòpù débẹ̀, èéfín rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú òkun gbóná. Òkun gbígbóná ni ó pa iyùn wọn ní 1998: ní àwọn erékùṣù àárín, iyùn tó kú tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2016. Àwọn ará Nature Seychelles ti gbin iyùn tó nǹkan bí 24,000 sí ìsàlẹ̀ omi lẹ́bàá Cousin, wọ́n ń so wọ́n mọ́ okùn bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́ irúgbìn, wọ́n sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n gbìn kò tó hẹ́kítà kan.

Ìlú náà ní owó, Báńkì Àgbáyé kà á mọ́ àwọn olówó láti 2015. Síbẹ̀ heroin ti wọ inú rẹ̀ gan-an. Ìṣirò tí wọ́n ń gbé jáde fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìlú ló ń lò ó, nínú àwọn ènìyàn tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Mahé gbówó lórí. Wọ́n ti da iyanrìn sínú òkun láti fi ṣe Eden Island, níbi tí àjèjì ti lè ra ilé olówó ńlá kó sì gba ìwé ìgbélùú. Ọmọ ìlú tó ń dúró de ilé ìjọba ń wo ibẹ̀ lójoojúmọ́ bó ṣe ń kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tó gbẹgẹ́ jù nínú gbogbo ètò náà fojú hàn nígbà tí àrùn kòrónà dé. Àlejò já láti 380,000 ní 2019 sí nǹkan bí 115,000 ní 2020. Owó rúpì, tí 14 rẹ̀ tó fi ra dọ́là kan tẹ́lẹ̀, já débi pé 20 kò tó mọ́. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kíákíá, wọ́n sì ṣí ẹnubodè ní oṣù kẹta 2021, torí pé wọn kò lè dúró. Ìlú tó bá ti rí irú ebi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ pé rárá fún ẹni tó gbé owó wá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Assomption ti wọlé. Erékùṣù pẹrẹsẹ kan ni, kò tó 30 kìlómítà sí Aldabra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n wa ìgbẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi di àpáta gbalasa. Íńdíà fẹ́ kọ́ ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi síbẹ̀, àwọn ènìyàn yarí, ètò náà kò lọ síwájú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ààrẹ Wavel Ramkalawan fún ilé iṣẹ́ kan láti Qatar ní apá kan ilẹ̀ náà fún 70 ọdún láti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó, tí wọn yóò sì tún pápá ọkọ̀ òfurufú ibẹ̀ ṣe. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ni, pé owó yìí ló lè tún un ṣe. Àròyé wọn kì í ṣe òfúùtùfẹ́ẹ̀tẹ̀ pátápátá.

Àwọn tó lòdì sí i gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní kété ṣáájú ìdìbò ọdún 2025, ó sì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Patrick Herminie borí Ramkalawan nínú ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe Assomption nìkan ló gbé e ṣubú. Oògùn olóró àti ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó mọ Aldabra kò dá lórí ẹwà ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹyẹ àjèjì kan, red-whiskered bulbul, wà ní Assomption nígbà kan, èèyàn ló kó o débẹ̀. Ní 2012 wọ́n rí ọ̀kan nínú wọn ní Aldabra. Ó ti fò kọjá fúnra rẹ̀. Seychelles Islands Foundation lo ọdún mélòó kan àti owó tó pọ̀ láti pa àwọn ẹyẹ náà run tán ní Assomption, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ká má baà rí irú rẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn, erékùṣù náà fẹ́ẹ̀ ṣófo. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá dìde, bí ọkọ̀ bá ń já sìmẹ́ǹtì, òkúta, òdòdó ọgbà, ẹ̀fọ́ àti àlejò síbẹ̀ lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ní èbúté yẹn tọ̀sán-tòru láti tú ẹrù kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ olówó padà sójú omi bó bá rí eku kan nínú rẹ̀. Ní Cousin, ẹ̀ṣọ́ ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.